Agbọ̀n Obì Mẹ́rin àti Àlejò Ilé Ìyá Mi

Ọjọ́bọ̀ ni, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀. Òjò tí ó rọ̀ láti àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Ṣàgámù, oòrùn sì yọ lẹ́yìn rẹ̀, ooru ń rú jáde láti inú ilẹ̀. Mo jókòó sí kíláàsì àwọn àgbàlagbà tí a máa ń lọ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ìpínlẹ̀ Ògùn kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Olùkọ́ wa kọ ìbéèrè kan sí ara pátákó: kí ni ó mú kí àwọn àlejò máa wá tẹ̀dó sí ìpínlẹ̀ wa? Ó ní a kò gbọdọ̀ dáhùn láti orí ara wa nìkan. Kí olúkúlùkù lọ bi àlejò kan léèrè, kí ó sì kọ èsì rẹ̀ wá kí sáà ẹ̀kọ́ tó parí.

Kí n tó délé ni mo ti to ìdáhùn tèmi lẹ́sẹẹsẹ: títì ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tí ó mú Èkó àti Ìbàdàn sún mọ́ wa, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, ilẹ̀ tí ó gba obì, tí ó gba ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n àlejò kan ṣoṣo ni ó wà nítòsí mi, òun gan-an sì ni ẹni tí n kò fẹ́ bi ní ohunkóhun.

Obìnrin ará ìhà Ṣakí ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó ti lo ọdún mẹ́ta nínú ilé wa ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù níbí. Ìyá mi, tí wọ́n ń ṣòwò obì gbàǹja, ni wọ́n gbà á sí yàrá ẹ̀yìnkùlé. Kò pẹ́ tí ó fi ń bá wọn bó obì, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń pè é ní "ọmọ mi". Èmi tí wọ́n bí, tí mo ti lé lógójì ọdún, "ìwọ yìí" ni wọ́n ń pè mí.

Oṣù yẹn ni ìyá mi ń múra àtilọ sí Mẹ́kà. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni yàrá obì ní. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lójú gbogbo wa, wọ́n nà án sí obìnrin náà.

"Ìyá, èmi ńkọ́?"

"Ìwọ yìí? Ṣebí o ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Obì kì í ṣe aṣọ tí a ń fi téèpù wọ̀n."

Ọ̀rẹ́ wọn kan tí ó wá dágbére fún wọn bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Àlejò ti gba ìyá mọ́ onílé lọ́wọ́!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu nìkan ni mo fi rín in. Mo bẹ̀ wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́, títí wọ́n fi ní kí n gbé agbọ̀n obì tútù mẹ́rin lọ sí yàrá mi.

"Bí mo bá dé tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dára, kọ́kọ́rọ́ di tìrẹ. Bí kò bá dára, kí n má tún gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́."

Èmi kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Mo mú ìwé àjákọ mi, mo jókòó ti obìnrin náà, mo sì ń kọ gbogbo ohun tí ó ń ṣe sílẹ̀: ó rẹ obì sínú omi, ó bó èèpo funfun ara rẹ̀, ó ṣàn án, ó ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, ó jẹ́ kí ó làágùn, ó fi ewé gbòdògì tẹ́ agbọ̀n, ó kó obì sí i, ó sì fi ewé bò ó. Mo rí i pé ọjọ́ kẹwàá ni ó pààrọ̀ ewé àwọn agbọ̀n tí ó ti dì ṣáájú. Mo kọ ọ́: ọjọ́ kẹwàá. Mo fa ìlà pupa sí abẹ́ rẹ̀, mo sì di agbọ̀n mẹ́rin tèmi bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Òjò kò tètè lọ lọ́dún yẹn. Ní ọjọ́ kẹfà tí mo di agbọ̀n mi, tí ìyá mi ti lọ sí Mẹ́kà, obìnrin náà dúró sí ẹnu ọ̀nà mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ọwọ́ bọ agbọ̀n yín. Òórùn tí mò ń gbọ́ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ọjọ́ kò tíì pé."

"Obì ò mọ ọjọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Èmi mọ̀ ọ́n."

Mo ti ilẹ̀kùn mi. Ohun tí mo rò ni pé ó fẹ́ kí n máa gba àṣẹ lẹ́nu òun nínú ilé bàbá mi.

Nígbà tí ọjọ́ kẹwàá pé, mo ṣí ewé. Ooru kọ lù mí lójú. Obì òkè ti dúdú, ó ń yọ̀ mọ́ra wọn, omi kíkan sì ń sun nísàlẹ̀ agbọ̀n. Mẹ́ta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jẹrà. Mi ò mọ ìgbà tí obìnrin náà dé ẹ̀yìn mi.

"Ẹ jẹ́ kí á kó lára obì inú yàrá sí tiyín. Ìyá kò ní mọ̀."

"Rárá o. Kí wọ́n bá a bí ó ṣe wà." Ó sàn fún mi kí n tẹ́ lójú ìyá mi ju kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà lọ. Nígbà tí kò kúrò níbẹ̀, mo fi ìbínú bi í ní ìbéèrè olùkọ́. "Èkó ni o ń lọ ní ọjọ́ tí o kọ́kọ́ dé ibí. Kí ló dé tí o dúró sí ọ̀dọ̀ wa?"

"Ọkọ̀ wa ló bàjẹ́ ní oríta. Mo yà síbí láti tọrọ omi. Ìyá ń ti ọwọ́ bọ agbọ̀n, mo wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n tì í wọ àárín obì, wọn ò sì tú u sílẹ̀ títí mo fi mọ ooru tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ìyá tèmi kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọwọ́. Bí wọ́n ṣe di ọwọ́ mi mú yẹn, Èkó kò wù mí mọ́."

Mo wo ọwọ́ ara mi. Nígbà èwe mi, bí mo bá nawọ́ sí obì, ṣe ni ìyá mi máa ń gbá a dànù, kí àbàwọ́n má bàa ba ọwọ́ tí yóò rán aṣọ jẹ́. Mo mọ̀ pé ire mi ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀, n kò rántí ọjọ́ kan tí wọ́n di ọwọ́ mi mú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Mo kọ iṣẹ́ olùkọ́ lójú ìwé méjì. Mo kọ títì, mo kọ ilé-iṣẹ́, mo kọ ilẹ̀. N kò kọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà síbẹ̀. Olùkọ́ fi bíírò pupa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: "Ó dára. Ta ni ẹ bi léèrè?"

Nígbà tí ìyá mi dé láti Mẹ́kà, wọ́n ti ọwọ́ bọ àwọn agbọ̀n mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì nu ọwọ́. Kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lọ́wọ́ obìnrin náà mọ́, òun ni ó sì ń ta obì fún àwọn oníbàárà Hausa ní Sábó lórúkọ ìyá mi. Èmi gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkẹ́nnẹ́, mo kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ síbẹ̀, mo sì ń wá kí wọn ní ọjọ́ Jímọ̀.