Pèrègún Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Hú

Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi máa ń bi mí pé nínú pèrègún àti bogenfílíà, èwo ló yẹ kéèyàn gbìn sí àyíká ilé níbi tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń jà. Wọ́n gbọ́ pé mo ti gbin nǹkan rí. Mo ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi ẹnu kan sọ. Ẹ jókòó dáadáa.

Àwọn méjèèjì ò bẹ̀rù ọ̀gbẹlẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, tí ilẹ̀ Ìdọ̀ání bá sán bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀, tí igi kòkó pàápàá bá ń wọ́wé, àwọn méjèèjì á ṣì wà lórí ìdúró. Bí wọ́n ṣe ń dúró ni kò jọra. Pèrègún, o lè gé e, kó o sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kó o gbàgbé rẹ̀. Kó o tó padà débẹ̀, ó ti yọjú. Kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wo òun. Ewé gígùn, ewé tútù, bákan náà lọ́dọọdún. Ti bogenfílíà yàtọ̀. Òùngbẹ ló ń mú un rẹwà. Tó o bá ń bomi rin ín jù, ewé lásán ni yóò máa yọ fún ọ. Ìgbà tí òùngbẹ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ló máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí gbogbo ayé á dúró wò ó. Ẹ̀gún wà lábẹ́ ẹwà náà, ó le bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò kòkó.

Ìdọ̀ání ni ilé bàbá mi wà. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Ọ̀wọ̀, ìyá mi nìkan ló kù nínú ilé náà. Ẹ̀gbẹ́ ilé la sin bàbá mi sí. Láàárín ibojì rẹ̀ àti ìlà pèrègún tí bàbá tó bí i lọ́mọ gbìn, àyè kan wà níbẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ìyá mi máa ń gbá ibẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni ń gbá yàrá. Á ní, “Ibùsùn mi rèé,” á sì rẹ́rìn-ín. Ní òdìkejì ibojì, ògiri ilé ló wà níbẹ̀, kò sí àyè tí ọmọ ewúrẹ́ lè gbà kọjá. Gbogbo àwa ọmọ rẹ̀ la mọ̀ pé tí ọjọ́ bá pé, ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ níbẹ̀ ló máa sùn sí.

Lẹ́yìn pèrègún ni ilẹ̀ aládùúgbò wa bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ mi ni ọkùnrin náà, a jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ló ń pè mí láti ìgbà tí mo ti wọ iṣẹ́ ìjọba. Ó fi ń yẹ̀yẹ́ mi, ó sì fi ń yìn mí.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, mo ra bogenfílíà mẹ́fà nínú ọ̀rá dúdú lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Ọ̀wọ̀. Ojú ń tì mí ni, kí n má parọ́. Ilé àwọn ọ̀gá mi, òdòdó ló yí i ká. Ti bàbá mi, pèrègún bíi ti ojúbọ. Ìyá mi rí mi pẹ̀lú àdá, ó ní kí n má fọwọ́ kan pèrègún yẹn. Mo ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wá, a kì í ṣe abọ̀rìṣà.

Ó ní, “Ta ló ń bọ ọ́? Mo ní kó o fi í sílẹ̀ ni.”

Ẹ̀ẹ̀kan ni ìyá mi máa ń sọ̀rọ̀. Ó wọlé lọ.

Ariwo àdá mi ni aládùúgbò wa gbọ́ tó fi gbé dígà jáde. Ó wò mí títí, ó ní, “Akọ̀wé, ọwọ́ yìí ò mọ ilẹ̀ mọ́. Bírò ló mọ̀.” Ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Pèrègún kì í kú bọ̀rọ̀, gbòǹgbò kékeré tó bá ṣẹ́kù yóò hù padà, nítorí náà ó gbẹ́ ẹ dé ìsàlẹ̀, ó ṣa gbogbo rẹ̀ jọ, ó kó o sínú bárò, ó lọ jó o níná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Ó jẹ iyán nílé wa lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ò bá wa jẹun.

Ẹ wá wo ìwà ọgbọ́n tí mo hù. Mi ò gbin bogenfílíà sójú ibi tí pèrègún wà. Mo rò ó pé ẹ̀gún rẹ̀ lè ya àwọn ọmọ ọkùnrin náà lára nígbà tí wọ́n bá ń sáré kọjá. Mo fà á sún mọ́ ilé, mo gbìn ín sẹ́bàá ibojì bàbá mi gan-an, láàárín ibojì àti àyè ìyá mi, kí òdòdó lè máa ṣíji bò ó. Mo ní ìwà ọmọlúàbí nìyẹn.

Ọ̀gbẹlẹ̀ méjì kọjá lórí òdòdó náà, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ìyá mi ò dẹ́kun gbígbá àyè rẹ̀, ìgbálẹ̀ rẹ̀ kàn ń yà fún ẹ̀gún ni. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ kẹta, ó pè mí lórí fóònù láàárọ̀. Kò tilẹ̀ kí mi.

Ó ní, “Wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ sórí ibùsùn mi.”

Nígbà tí mo débẹ̀, kòtò fẹ́ǹsì ọkùnrin náà ti dé ìdí bogenfílíà. A ké sí àwọn àgbà àdúgbò. Ilẹ̀ tí kò bá ti ní ìwé, pèrègún ni ẹlẹ́rìí rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní kí wọ́n fi ọkọ́ wá gbòǹgbò rẹ̀. Wọ́n wá a, wọn ò rí nǹkan kan. Mo yẹ fóònù mi wò bóyá mo ní àwòrán àtijọ́. Òdòdó ló kún inú rẹ̀.

Aládùúgbò wa ò pariwo. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, Akọ̀wé ló gbin òdòdó yìí, ọ̀mọ̀wé sì ni. Ṣé ọ̀mọ̀wé á fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lóde, kó wá ṣọgbà sínú?”

Àgbà náà yíjú sí mi. “Ta ló hú pèrègún?”

“Èmi ni, bàbá.”

“Ta ló gbin eléyìí síbí?”

“Èmi náà ni.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ẹ̀gún àti àwọn ọmọ. Ẹnìkan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní ọkùnrin yìí wà níbẹ̀, òun ló bá mi gbẹ́ ẹ. Kò sẹ́ iṣẹ́ náà, ibi tí pèrègún wà ni kò sọ. Ó ní èmi ni mo ni iṣẹ́, òun bá mi ṣe é, òun tún jẹun lé e lórí. Òótọ́ ni. Òótọ́ yẹn ló dùn mí jù. Ìyá mi fẹ́ jẹ́rìí, wọ́n ní ìyàwó ilé ni, kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbin pèrègún.

Àgbà náà ní, “Ewé tó bá wà nílẹ̀ la máa ń bi léèrè. A ò mọ bí wọ́n ṣe ń bi èyí tí kò sí.”

Fẹ́ǹsì náà ti parí báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ibùsùn ìyá mi wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí léèrè, pèrègún ni kí ẹ gbìn, tí ẹ bá sì bá a nílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èmi ò lè gé bogenfílíà mọ́. Òun nìkan ló ń sọ ibi tí ibojì bàbá mi parí sí, tó bá kú, ta ló mọ ibi tí fẹ́ǹsì míì máa gbà? Mò ń tibi iṣẹ́ lọ tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ọlọ́jà tó rẹ́ ẹ jẹ.

Mo fẹ́ gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù. Ìyá mi kọ̀. Ó ní òun ò ní sùn sórí ẹjọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá àlùfáà pé kí wọ́n fún òun ní àyè nínú itẹ́ òkú ìjọ, ní òdìkejì ìlú. Ó ní kí n fi ọkọ̀ gbé òun lọ wò ó. Ilẹ̀ líle ni, ẹ̀gbẹ́ tísà kan tó wá láti ìlú míì, tí ìyá mi ò mọ̀ rí. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ọ́n, ó dúró sí àárín rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá rẹ á máa retí mi.”

Ó gbọn iyanrìn kúrò nínú bàtà rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú ká lè padà sínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé tí wọ́n bá ti gbé òun síbẹ̀, kí n má gbin nǹkan kan sí i.