Fèrè Tí Mo Kọ́ Ní Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ

Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá rò pé ìtàn adùn nípa ayé yunifásítì ni mo fẹ́ sọ, kó tètè gbé e jù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n tẹ̀ sábẹ́ orúkọ mi nínú ìwé ètò eré jáàsì wa: autodidacte. Faransé ni. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní fèrè, èmi ni mo kọ́ ara mi. Irọ́ gbuu. Ẹni tó kọ́ mi wà láàyè, ó ń gbé ní àdúgbò Avéa, ó sì ti lọ kóòtù rẹ̀ sílẹ̀ láti wá wo eré náà. Ó fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ létí gbogbo èèyàn pé òun ló kọ́ mi. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá mi, kò fi bò.

Aránṣọ ni bàbá yìí. Nàgó ni, Yorùbá láti orílẹ̀-èdè Benin, ó sì ti ń ránṣọ ní Libreville, olú ìlú Gabon, kí wọ́n tó bí mi. Ọmọ Nàìjíríà ni àwa ní tiwa, àdúgbò Kalikak là ń gbé, màmá mi sì ń ta àǹkárá lọ́jà. Bí oníbàárà bá ra aṣọ tán tó ní òun ò mọ aránṣọ tó dáa, ọ̀dọ̀ bàbá yìí ni màmá mi máa ń júwe fún un. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí ilé ìwé wọ ìsinmi, màmá mi mú mi lọ bá a. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi kọ́ ọ níṣẹ́, kó yéé jókòó ti fóònù."

Mi ò mọ̀ ọ́n rán. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Lọ́sẹ̀ kejì, mo rán ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà kan pa, kò síbi tí ẹsẹ̀ máa gbà jáde. Bàbá ò pariwo. Ó jókòó, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀, ó wá ní, "Ojú rẹ ò sí lára ẹ̀rọ. Ara ògiri ló wà." Òótọ́ ló sọ. Lára ògiri, láàárín àwọn bébà tó fi ń gé aṣọ, ó fi sakisofóònù kan kọ́ nínú àpò dúdú. Ó máa ń fọn ọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mùsùlùmí ni wá nílé tiwa, àmọ́ nígbà tí bàbá béèrè bóyá kí òun kọ́ mi ní fèrè, màmá mi ní fèrè ò lẹ́sìn, kó ṣáà ti má jẹ́ fóònù.

Bàbá ò ní ohun èlò tí àwọn olórin fi ń ka àkókò. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ ló ní. Á ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò sábẹ́ abẹ́rẹ́ láti ìbàdí, á ní, "Ó yá." Bí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi náà á fọn ohùn kan ṣoṣo, mi ò sì gbọdọ̀ mí títí tó fi máa rán an dé ọrùn ẹsẹ̀. Orúnkún ni èémí mi máa ń tán sí. Bí mo bá ti mí ní orúnkún, á dá ẹ̀rọ dúró, á tú gbogbo ohun tó ti rán, á tún ki aṣọ náà bọ̀ ọ́ láti ìbàdí. Aṣọ oníbàárà ni o. Bàbá tí iṣẹ́ ń lé lẹ́yìn, tí àwọn èèyàn ń pè lórí fóònù pé aṣọ àwọn dà, ó ń tú aṣọ tó ti rán tán nítorí pé ọmọ ọlọ́mọ mí. Bí orin bá yá, á ní kí n máa tẹ̀lé ẹsẹ̀ òun lórí ẹ̀rọ, bí òun bá sáré kí n sáré, bí òun bá fà á kí n fà á. Ọdún méje gbáko la fi ṣe é, gbogbo ìsinmi, gbogbo Sátidé.

Lọ́dún tí mo yege bac, ìdánwò àṣejáde ilé ìwé girama, ó ṣe libération fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì, ohun tí àwa ará Nàìjíríà ń pè ní fírídọ́ọ̀mù. Mo rò pé mo kàn wá jẹun ni. Bó ṣe gbàdúrà fún àwọn méjèèjì tán, ó pe èmi náà, ó ní kí n kúnlẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tó máa ń fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Cotonou ló ti ń tẹ̀ wọ́n wá. Wọ́n kọ "Diplôme" sókè rẹ̀ gàdàgbà, wọ́n kọ "Couture" sábẹ́ rẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ aṣọ rírán. Bàbá gbé rúlà, ó fi báírò fa ìlà gbọọrọ lórí "Couture", ó kọ "Saxophone" sókè rẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó wá gbé òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ní àwòrán sísọ́ọ̀sì lé e. Gbogbo wa fi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àfi òun nìkan. Màmá mi wá pín bisikíìtì àti mínírà.

Mo wọ yunifásítì, mo sì wọ ẹgbẹ́ jáàsì ibẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ọ̀gá tó ń darí wa ní kí kálukú ṣe díẹ̀ kí òun gbọ́. Ọmọbìnrin tó ń tẹ píánò wá láti Okala, àdúgbò àwọn ilé tuntun ńlá, píánò wà ní pálọ̀ wọn, olùkọ́ sì ti ń wá bá a nílé láti kékeré. Ọmọkùnrin tó ń lu dírọ́ọ̀mù, bàbá rẹ̀ ni pásítọ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, níbi tí lásípíkà ti ń han lójoojúmọ́. Nígbà tó kàn mí, mo fọn ohùn kan, mo fà á. Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè kí àwọn yòókù dákẹ́. Ó ní, "Ẹ gbọ́ èémí yìí. Ẹ̀bùn ni. Wọn kì í kọ́ èèyàn nírú èyí." Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo wọn ti ń pè é ní ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn wo? Ẹsẹ̀ ṣòkòtò ni. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí wọ́n rán, tí wọ́n tú, tí wọ́n tún rán.

Nígbà tí eré ku ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n gbé ìwé ètò dé. Ìlà márùn-ún ni wọ́n kọ fún ọmọ píánò, olùkọ́ yìí, olùkọ́ yẹn, ilé ẹ̀kọ́ báyìí báyìí. Wọ́n ní onídírọ́ọ̀mù jogún ìlù inú igbó látọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀, ọmọ tí kò dé abúlé rí láyé rẹ̀. Òun kàn fi rẹ́rìn-ín. Èmi ka tèmi, ara mi gbóná, mo sì gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ.

Mi ò kí i dáadáa. Mo ní ta ló sọ fún un pé mo kọ́ ara mi. Mo ní ṣé ó rò pé mo kàn hù bí olú ni. Mo ní ká ní ọmọ Okala ni mí, ì bá ti béèrè ẹni tó kọ́ mi. Ó gbọ́ mi tán. Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú fọ́ọ̀mù kan jáde nínú àwọn tí a kọ nígbà tí a wọ ẹgbẹ́, ó tẹ́ ẹ síwájú mi.

Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ orúkọ olùkọ́ mi, mo fa ìlà. Níbi tí wọ́n ti béèrè díplómà, mo fa ìlà. Mo rántí ọjọ́ náà. Ọmọ píánò jókòó tì mí, ó ń kọ tirẹ̀, àyè ò gbà á mọ́, ó yí bébà padà, ó ń kọ ọ́ sẹ́yìn. Mo ronú kan ìwé tó wà nísàlẹ̀ àpótí màmá mi, pẹ̀lú òǹtẹ̀ sísọ́ọ̀sì àti "Couture" tí wọ́n fi báírò pa. Ojú tì mí. Mo fa ìlà mi, mo sì fà á kó gún dáadáa.

Ọ̀gá ní, "Kí wá ni o fẹ́ kí n kọ?" Kò tiẹ̀ bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán, àmọ́ bí òun bá pè mí síwájú lọ́jọ́ eré, kí n gba máíkì, kí n sọ ohun tí mo bá fẹ́. Mo ṣì ń bínú sí i títí di òní. Ẹni tó bá gbọ́ irú èémí yẹn, ó yẹ kó béèrè ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fa ìlà, òun kọ́, mi ò sì rí ẹni tí màá lọ pariwo ìyẹn lé lórí.

Ọ̀sán Sátidé ni eré bọ́ sí. Bàbá jókòó ní ìlà kejì pẹ̀lú màmá mi, nínú kóòtù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Mo rí i tó wọ awò ojú rẹ̀, tó na ìwé ètò jìnnà díẹ̀ síwájú. Gbólóhùn kan ni mo ti ń kọ́ sórí láti àárọ̀: "Aránṣọ kan ní Avéa ló kọ́ mi, òun ló jókòó yẹn." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá pè mí, ó ní "notre autodidacte", ìyẹn ọmọ wa tó kọ́ ara rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó kúrò nídìí máíkì, ó nawọ́ sí mi. Mo wo iwájú. Àwọn òbí ọmọ píánò ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn, aṣọ olówó ńlá lọ́rùn wọn. Ẹnu mi wúwo. Mo ki fèrè bọ̀ ọ́.

Ohùn àkọ́kọ́ tí mo fọn, mi ò fà á gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo ṣe ń fà á, mo rí ẹsẹ̀ bàbá nílẹ̀, méjèèjì ń lọ sókè, wọ́n ń lọ sódò, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tó wà nídìí ẹ̀rọ. Kò dá wọn dúró títí mo fi mí.

Nígbà tí a parí, mo bá wọn lẹ́nu géètì. Màmá mi gbá mi mọ́ra, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá dúró títí tó fi ṣe tán. Ó ní, "O ò mí ní orúnkún." Nínú gbogbo ọdún yẹn, mi ò gbọ́ ìyìn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀.

Ó wá béèrè pé, "Ṣé o fi ìwé ẹ̀rí rẹ hàn wọ́n?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní ó dáa."

Bí mo ṣe ń pa irọ́ yẹn, mo gbàgbé pé Faransé ni wọ́n fi kọ́ bàbá níwèé nílùú wọn. Ó mi orí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà kóòtù rẹ̀, ó yọ ìwé ètò náà. Ó ti ká a sí mẹ́rin, etí rẹ̀ bára mu bó ṣe máa ń ká aṣọ oníbàárà. Mo wá ìbínú lójú rẹ̀, mi ò rí i. Ó gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Gbà. Fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi nínú àpótí."