Igbà Bàbá Mi Tí Mo Dáná Sun

Òórùn epo pupa tó ń hó ló máa ń gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Omifunfun. Ibẹ̀ ni mo ti dáná sun igbà bàbá mi, okùn tó fi ń gun ọ̀pẹ, tó ti dán níbi tó máa ń kan ẹ̀yìn rẹ̀. Lásìkò yẹn, bó bá ti gbójú sókè wo ìdì ẹyìn báyìí, òòyì á kọ́ ọ. Wọ́n ní ibà ni, ó sì mu àgbo títí. Lọ́jọ́ kan ó dì mọ́ ọ̀pẹ lókè, kò lè sọ̀ mọ́, àfi ìgbà tí aládùúgbò wa gùn ún lọ mú un. Bó ṣe fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ó ní òun á tún gùn ún lọ́la. Àyà mi já. Mo wọ́ igbà náà jù sábẹ́ ìkòkò epo, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo mú bàbá mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Ore. Dókítà obìnrin kan ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi àwòrán orí àti etí kan hàn wá, etí ti inú lọ́hùn-ún, tó ní ihò mẹ́ta tó tẹ̀ kọrọdọ tí omi wà nínú wọn. Òkúta kan tí kò tó iyanrìn ti ṣìnà wọ ọ̀kan nínú wọn, ó ní ìyẹn ló ń fa òòyì náà. Bí dókítà bá yí orí inú kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, òkúta á yí lọ síbi tó ti wá. Bó bá kánjú, á tún padà sẹ́yìn.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. “Bí ekùrọ́ nínú akèrègbè!”

Dókítà tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó yí orí rẹ̀ sí ọ̀tún, ó sì ń dúró. Ẹyinjú bàbá mi ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Mi ò lè mú un mọ́ra.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wọn dìde!”

“Fi wọ́n sílẹ̀,” bàbá mi wí. “Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Nígbà tó jókòó, ó wo òkè àjà, ó tún un wò. Kò sí òòyì. Kí a tó dé ibi ọkọ̀, ó ní, “Igbà mi dà?”

Mo sọ fún un. Kò jágbe mọ́ mi; ká ní ó jágbe ni, ìbá tiẹ̀ sàn. Ohun tó sọ kò ju, “O ò sì lè dúró dè mí.”

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe òmíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tún gun ọ̀pẹ, mo dúró nísàlẹ̀, mo ń wò ó. Ó gbójú sókè wo ìdì ẹyìn, ó sì kígbe sí mi pé, “Ṣé òòyì ò kọ́ ọ níbẹ̀ yẹn?” Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín.

Ìfẹ́ ni mo pe ohun tí mo ṣe nígbà náà. Ẹ̀rù ni. Bàbá mi ti lọ báyìí, orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí, kì í ṣe ìdí ọ̀pẹ. Igbà kejì yẹn wà lára ògiri yàrá mi, mi ò sì jẹ́ kó sún mọ́ ààrò.