Bẹ́ẹ̀dì Inú Lọ́rì

Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Rọra. Nítorí bíréèkì. Ní gbogbo ọdún tó fi wa lọ́rì ńlá, kò sẹ́ni tó gbọ́ kí táyà rẹ̀ ké lójú títì rí. Á ti rí ewu láti òkèèrè, á ti dín eré kù, ọkọ̀ á sì máa fà bọ̀ bí aláboyún tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ má kó iṣu fún Rọra o. Á hù lójú ọ̀nà."

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra lọ́rì náà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Lọ́rì ti darúgbó. Òun náà ti darúgbó. Ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìdùbúlẹ̀.

Eegun ẹ̀yìn ni. Kò lè jókòó mọ́. Bí wọ́n bá gbé e nàró díẹ̀ báyìí, igbe tó máa ké á mú kí wọ́n tètè dá a padà sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ: kí wọ́n gbé òun lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà. Ó ń dá gbé ilé àwọn òbí wọn, lọ́nà jíjìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́.

"Mo fẹ́ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i," ni obìnrin náà máa ń wí. "Kí n tó lọ."

Dókítà ní áńbúláǹsì kì í lọ ilé ẹ̀gbọ́n ẹni. Ilé ìwòsàn ló ń lọ.

Ni Rọra bá sọ lọ́rì di ilé. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Wọ́n la fèrèsé sí i lára. Bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́lẹ̀. Tábìlì. Sítóòfù. Táǹkì omi kékeré. Ó wá ku pẹpẹ tóóró tó wà lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, tó ní àwọ̀n níwájú, níbi tí Rọra ti máa ń sùn nígbà tí ẹnì kejì rẹ̀ bá ń wakọ̀.

"Gé e kúrò," ni Rọra wí. "La ojú ibẹ̀ sínú ilé, kí ìyá wọn lè máa wo ọ̀nà láti orí bẹ́ẹ̀dì. Kí n sì lè máa gbóhùn ẹ̀."

"Bàbá, bí mo bá gé e, kò ṣeé dá padà o."

"Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe? Gé e."

Òfin ní ìwé ọkọ̀ akẹ́rù yàtọ̀ sí ti ilé tó ń rìn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó pààrọ̀ ìwé. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń lá míńtì lẹ́nu ni wọ́n fi ṣe ayẹ̀wò náà. Ó mi bẹ́ẹ̀dì, kò mì. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, omi yọ. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ilé ni lóòótọ́, Bàbá. Ẹ ò gbọdọ̀ fi kó ẹrù mọ́ o. Àpò sìmẹ́ńtì kan báyìí, ẹ̀ṣẹ̀ ni." Ó ń kọ̀wé. "Ìjókòó méjì, bẹ́líìtì méjì. Èèyàn méjì."

Inú Rọra dùn débi tó fi ń ṣògo. "Ìyàwó mi ò tiẹ̀ ní í lo ìjókòó. Orí bẹ́ẹ̀dì yìí ló máa sùn sí títí a ó fi dé."

Ọ̀dọ́kùnrin náà gbé bírò sókè. "Ẹ ní kí ni?"

"Kò lè jókòó."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Bẹ́ẹ̀dì yìí, ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró nìkan ni. Bí táyà bá ti ń yí, ẹni tí ò sí lórí ìjókòó pẹ̀lú bẹ́líìtì ò gbọdọ̀ sí nínú ẹ̀."

"Inú ọkọ̀ tó ń sáré ni mo ti fi gbogbo ayé mi sùn!"

"Níbo?"

Rọra nawọ́. Ihò ibi tí pẹpẹ wà tẹ́lẹ̀ ló nawọ́ sí.

"Ìyẹn yàtọ̀," ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló ṣe é mọ́ ọn. Ó ní àwọ̀n. Òfin gba ìyẹn."

"Rọra ni wọ́n ń pè mí. Mi ò kì í tẹ bíréèkì gbàgà."

"Mo gbọ́. Ẹni tó máa já síwájú yín lójijì ńkọ́? Ṣé òun náà ń jẹ́ Rọra ni?"

Ó lu òǹtẹ̀. Ìwé pé. Kò sí ohun tó kù.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. "Ẹ bá mi sọ fún un pé ẹrù ni mí. Ṣebí ẹrù máa ń dùbúlẹ̀ nínú lọ́rì?"

"Lọ́rì ò gbọdọ̀ kó ẹrù mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìrora gé tirẹ̀ kúrú. "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká máa lọ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa yọjú wo inú ilé onílé?"

"Jẹ́ kí n dán an wò ná," ni Rọra wí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó rọ iyanrìn sínú àpò. Ó mọ bí obìnrin náà ṣe wúwo, òun ló ń yí i padà lórí ibùsùn. Ó tẹ́ àpò sórí bẹ́ẹ̀dì inú lọ́rì, ó fi ọ̀já aṣọ dè é, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí èèyàn ṣe máa de ẹni tí ara ń ro. Ó wa ọkọ̀ lọ sí pápá tó wà lẹ́yìn ilé. Kò sáré púpọ̀. Ó tẹ bíréèkì gbàgà.

Ọ̀já já. Àpò gba ojú ihò tó ní kí wọ́n là, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀, ó sì forí sọ gíláàsì iwájú. Iyanrìn dà sí i lẹ́sẹ̀.

Ó pa ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tó wọlé, ìyàwó rẹ̀ ń wo àjà.

"Mo gbọ́ tí táyà ké. Mo ní ta nìyẹn, kì í ṣe ọkọ mi."

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Nǹkan sì dún gbì. Ṣé èmi nìyẹn?"

"Ìwọ ni."

"Ṣé mo fara pa?"

Ó wo ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. "O fọ́nká."

Obìnrin náà mi orí, díẹ̀díẹ̀. "Ẹ pe ẹ̀gbọ́n mi. Kí wọ́n má fojú sọ́nà mọ́."

Ẹ̀gbọ́n ò jẹ́ kí Rọra kí òun tán. Ó ń pariwo, bí ẹni tí ò gbà pé fóònù ń gbọ́ràn. "Ọkọ wa! Mo ti fọ kọ́tìnì o! Mo ní kí àwọn ará ilé kejì gbé bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ sún mọ́ tèmi, kí n lè máa na ọwọ́ kàn án. Ibo lẹ dé báyìí?"

"A ò tíì kúrò nílé, Màmá. A ò ní í lè wá."

Ó wo ojú fóònù. Ó rò pé ó ti gé.

"Ẹ gbé e sí àbúrò mi létí," ni ohùn náà wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó gbé e sí i létí. Kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì sọ nǹkan kan.