Ẹ̀rọ Tó Ń Pa Ìwé Rẹ́, àti Ìwé Ìgbéga Mọ́mì

Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ náà wá sí ọ́fíìsì wa nítòsí Paparanda, bébà ti wọ́n wa débi pé ẹni tó bá wá gba lẹ́tà, òun náà ló máa ra bébà dání. Ìjọba ló ni ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà, ẹni tó wá gbà á ló ni bébà. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹ̀rọ náà tó fíríjì kékeré. Bí a bá ki ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ sínú rẹ̀, iná lésà á sáré kọjá lórí rẹ̀, á jó lẹ́búlẹ́bú dúdú tí púríńtà fi kọ̀wé dànù, bébà á sì jáde ní funfun, ó di lílò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ Ébìrà tó wá gbé e kalẹ̀ fún wa kìlọ̀ fún mi kó tó lọ: “E no dey clean biro o. Na only printer work e dey clean.” Mo ní mo ti gbọ́.

Àwa Kristẹni gbàdúrà lé ẹ̀rọ náà lórí, àwọn Mùsùlùmí náà gbàdúrà lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àgbà dìde, tó ṣòfin: a kò gbọ́dọ̀ pa ìwé kankan rẹ́ láìjẹ́ pé a ti ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ sínú fáìlì. Èmi tí mò ń tọ́jú yàrá fáìlì ni wọ́n fi ṣe alábòójútó ẹ̀rọ. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan tí màá máa fàmì sí pé mo ti ṣe fọ́tòkọ́pì náà.

Ẹ sáà wo ọgbọ́n. Ká tó gba bébà àlòkù kan là, a ó kọ́kọ́ lo bébà tuntun kan. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi òfin yìí rẹ́rìn-ín. Mo máa ń sọ ọ́ nínú kẹ̀kẹ́ bí mo bá ń padà sílé ní Adankolo, àwọn tí a jọ wọkọ̀ á sì bá mi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mi ò ṣe fọ́tòkọ́pì mọ́. Mo kàn ń fàmì sí fọ́ọ̀mù. Mo gbà pé èmi nìkan ni orí mi pé nínú gbogbo ọ́fíìsì náà.

Òkìtì ìwé àlòkù kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá fáìlì. Mo bá a níbẹ̀ nígbà tí mo gbaṣẹ́. Lọ́jọ́ Tuesday kan, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, mo pa á rẹ́ tán pátápátá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Mọ́mì wọlé. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pe àgbà obìnrin tó ti pẹ́ jù lọ ní ọ́fíìsì wa, ọmọ Yàgbà, tó ku oṣù mélòó kan kó fẹ̀yìn tì.

“Òkun o,” ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wọn. Ó yọjú sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó dúró. “Ọmọ mi, àwọn ìwé ibí yìí ńkọ́?”

Mo fi ìgbéraga nawọ́ sí àwọn bébà funfun tí mo tò sórí tábìlì. “Wọ́n ti di tuntun, Mọ́mì.”

Ó jókòó sórí àga. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé. Inú òkìtì yẹn ló fi ìwé ìgbéga rẹ̀ tó kẹ́yìn pa mọ́ sí. Omi odò ti wọlé rẹ̀ nígbà kan, ó kó àwọn ìwé rẹ̀ lọ. Ẹ̀dà tó wà nínú fáìlì rẹ̀ náà ti sọnù, torí fáìlì tó bá kúrò ní ọ́fíìsì wa lọ sí òmíràn, fífúyẹ́ ló máa ń padà dé. Ó wò ó títí, ó rí i pé ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni pàǹtí. Ìwé yẹn ló sì máa fi gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní ipele tó tọ́ sí i.

A tú àwọn bébà náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbuwọ́lùwé aláwọ̀ ewé la fi dá tirẹ̀ mọ̀. Ó wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀, òkè rẹ̀ funfun báláú. Mo ti rí lẹ́tà púpọ̀ tó lọ́rọ̀ nínú tí kò rí ẹni buwọ́ lù ú. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí èyí tó ní ìbuwọ́lùwé tí kò lọ́rọ̀ nínú. Ọ̀gá tó buwọ́ lù ú sì ti kú.

Akọ̀wé kan ní ká kàn tẹ ọ̀rọ̀ míì sórí rẹ̀, pé ta ló máa mọ̀.

“Mo ṣiṣẹ́ kí n tó gba ìgbéga mi,” Mọ́mì dá a lóhùn. “Ẹ ò ní sọ ọ́ di ayédèrú mọ́ mi lọ́wọ́.”

A gbé e lọ bá ọ̀gá àgbà. Ó wò ó, ara rẹ̀ balẹ̀. “Kò sí wàhálà. Ẹ lọ mú fọ́tòkọ́pì rẹ̀ wá. Ìdí tí mo fi ṣòfin nìyẹn.”

Mọ́mì yíjú sí mi, inú rẹ̀ ti ń dùn. Mo ní fọ́ọ̀mù nìkan ni mo fàmì sí, mi ò ṣe fọ́tòkọ́pì kankan.

Mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ọ̀gá àgbà ní àfọwọ́kọ kò lè wọ fáìlì, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀kan nínú àwọn bébà tí mo pa rẹ́, wọ́n sì ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ní ẹ̀dà mẹ́ta. Ìgbéga Mọ́mì kò ní ẹyọ kan. Ipele ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi í sí tó fi fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ tó lọ, ó wọ yàrá fáìlì, ó na bébà tó ní ìbuwọ́lùwé yẹn sí mi.

“Dá a padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn,” ó ní. “Kò sí ohun tí o tún máa pa rẹ́ lára rẹ̀ mọ́.”

Mo fọwọ́ méjèèjì gbà á. Nígbà tó jáde, mo lọ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀.