Alágbàfọ̀ àti Ọmọ Ahun tí Kò Fẹ́ Jẹun

Wọ́n ní alágbàfọ̀ àdúgbò wa bímọ síta, ó sì gbé ọmọ náà pamọ́ sí yàrá tó ti ń lọṣọ. Irọ́ funfun báláú ni. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti tirẹ̀. Ṣé ọmọ á ké kí etí mi má gbọ́?

Ọkùnrin yìí kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ púpọ̀, aṣọ ló máa ń bá sọ̀rọ̀. Á na kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, á ní, "Ìwọ olórí kunkun yìí." Lọ́jọ́ kan tó lọ kó aṣọ ìbùsùn tó sá sórí koríko létí odò, ó bá ọmọ ahun kan lábẹ́ rẹ̀, kò ju ìdérí ìgò lọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ìyá rẹ̀. Ló bá gbé e wálé.

Ó tẹ́ àkísà sínú páálí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù kí òtútù má baà mú un. Ó já ewé fún un, ó rẹ búrẹ́dì sínú mílíìkì. Ahun ò jẹ. Ilẹ̀ mọ́, kò jẹ. Ojú rẹ̀ ń wọnú lọ. Ọkàn alágbàfọ̀ dàrú débi pé ó jó kọ́là oníbàárà. Ó kúnlẹ̀ ti páálí, ó ń bẹ̀ ẹ́:

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi, jẹ díẹ̀. Ti bàbá rẹ ni kó o wò."

Ohun tó ta sétí àwọn tó ń kọjá nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ò lẹ́sẹ̀, ó dọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà já wọlé bí ìjì.

"Bàbá ta ni? Ẹ gbé ọmọ ọ̀hún jáde kí n rí i!"

Ọkọ rẹ̀ na páálí sí i. Ó wo inú rẹ̀, ó wo ọkọ, ó pòṣé. "Ọmọ yín ni lóòótọ́, ọrùn yín gan-an ló gbé wá."

"Ó ń kú lọ," ni ọkọ wí.

Ni ìbínú obìnrin náà bá rọ̀. Ó rí mílíìkì tó gbẹ mọ́ ahun lẹ́nu, ó gbé e lọ síbi garawa omi òjò lẹ́yìnkùlé kó lè ṣàn án kúrò. Bó ṣe rì í bọ omi báyìí, ọrùn yọ síta, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ sí í wa omi. Tanwíji kan ń jó lọ níwájú rẹ̀. Ahun gbé e mì.

"Bàálé mi, ahun omi ni! Inú omi ló ti ń jẹun! Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín kì í gbẹ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀gbẹ́ iná lẹ gbé e sí!"

Ẹ̀rín àti ẹkún ń du ojú ọkọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Bí ọ̀kan nínú báàfù ìfọṣọ ṣe di ti ahun nìyẹn, ọṣẹ ò gbọdọ̀ kàn án. Wọ́n gbé òkúta sí i láàárín kó lè máa yá oòrùn. Wọ́n ń gé ekòló wẹ́wẹ́ fún un, pẹ̀lú ẹja tútù díẹ̀. Aṣọ wa wá ń pẹ́ kó tó jáde. Bí a bá kùn, alágbàfọ̀ á ní, "Ẹ má bínú, ọmọ ń jẹun lọ́wọ́."

Nígbà tí ahun tó àtẹ́lẹwọ́, tí báàfù há mọ́ ọn, tọkọtaya náà gbé e padà sódò. Ìyàwó ló kọ́kọ́ dé. Ó pẹ́ gan-an kí ọkọ tó yọ. Mo bi í pé kí ló dá a dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ pé oúnjẹ ọwọ́ mi nìkan ló mọ̀ ọ́n jẹ ńkọ́? Mo jókòó tì í títí ó fi ki orí bọ omi, tó fẹnu ara rẹ̀ mú nǹkan jẹ. Ìgbà yẹn ni mo tó gbéra."