Òwú Tí Kò Korò

Job kì í pariwo. Ọmọ Èkìtì ni, ó ti pẹ́ ní Agége. Ilé iṣẹ́ tó ń fún òróró kóró òwú ní Oregun ló ti lo ọjọ́ ayé ẹ̀, àwọn ló sì ní kó máa bójú tó oko òwú tí wọ́n yá ilẹ̀ ẹ̀ lẹ́bàá ojú irin. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, igbe ẹ̀ lé àwọn tó wà ní ilé kejì jáde.

Ewúrẹ́ Alhaji Dàwódù, onílẹ̀, ti wọ oko.

Kóró òwú ní oró nínú. Bí wọ́n bá fún òróró ẹ̀ tán, téèyàn wá fi èyí tó ṣẹ́kù bọ́ adìyẹ, adìyẹ á kú. La kóró náà sí méjì, wàá rí oró yẹn, tótòtó dúdú; ó wà lára ewé náà, òun ló ń mú un korò. Job rí kóró kan gbà láti Òkè Ọya tí kò ní tótòtó kankan, ṣùgbọ́n òwú ẹ̀ ò dáa. Ó gbìn ín, ó mú ìyẹ̀fun òdòdó ẹ̀, ó fi ra òdòdó òwú tó dáa. Ọmọ tí wọ́n bí, gbogbo ẹ̀ ló ní tótòtó. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní Oregun. Ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ohun tó sá pamọ́ sára ọmọ ṣì ń bọ̀ lára ọmọ-ọmọ. Ó gbin kóró àwọn ọmọ náà. Nínú ọmọ-ọmọ mẹ́rìndínlógún, bóyá la fi ń rí ọ̀kan tí kò lóró. Igi mẹ́sàn-án ló rí ní gbogbo oko, ewé wọn mọ́ láìní àmì. Ọ̀gá sì ti sọ ọ́: bí kóró ò bá jáde lára wọn lọ́dún yìí, àwọn á pa oko náà tì.

Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni ewúrẹ́ jẹ dé ìdí. Kò fẹnu kan èyí tó korò.

“Alhaji, ewúrẹ́ yín ti pa mí!”

“Ìwọ náà lo sọ fún mi pé ewúrẹ́ kì í jẹ òwú.”

“Èyí tó korò ni mo wí!”

“Ta ló wá ní kó o mú ìkorò ẹ̀ kúrò? Ọgbà tí Ọlọ́run ṣe fún un, o wó o, o wá ń bá ewúrẹ́ jà. Ilẹ̀ la sì yá yín o, Job. A ò yá yín ní koríko orí ẹ̀.”

Uswat, ìyàwó Alhaji, bọ́ síta. “Bọ̀ọ̀dá Job, ẹ má bínú. Tá a bá pa á, ẹ̀yin lẹ ni itan.”

“Tí mo bá gbin itan, ṣé ó máa hù?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Inú túbọ̀ bí Job, torí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ Alhaji. Òun náà ò ṣe ọgbà. Ta ní í ṣe ọgbà yí òwú ká?

Nígbà tí wọ́n wọlé tán, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi èékánná ha kùkùté kọ̀ọ̀kan. Gbígbẹ. Gbígbẹ. Ó kan méjì tí inú èèpo wọn ṣì tutù, tó ṣì ní àwọ̀ ewé. Kùkùté òwú a máa rúwé padà bí wọ́n bá fi í sílẹ̀.

Ó wá wáyà àti igi lọ. Ó ń kan ìṣó bí ẹni ń lu olè, ìṣó ń tẹ̀, ó ń mú òmíràn.

Alhaji tún gba ibẹ̀ kọjá. “Job, o kú iṣẹ́ o.”

Láti ọjọ́ tí Job ti mọ ọkùnrin yìí, kò sí ìgbà tí ìyẹn kí i tí òun ò dá a lóhùn.

Ó mú ìṣó mìíràn, ó ń kàn án.